Ewé Àárín Apẹ̀rẹ̀ Obì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì lè dá gbé apẹ̀rẹ̀ obì karí, obì kún ilé wa ní Ibido débi pé àwa ọmọdé ń wá ibi tí a máa tẹ́ ẹní sí. Obì ni ìyá mi ń tà, obì náà ni ìyá tó bí i tà. Àwọn oníbàárà wọn láti Òkè Ọya a máa gbé ọkọ̀ ńlá wá kó gbànja. Kí wọ́n tó dé, èmi àti àbúrò mi obìnrin á ti jókòó ti ìyá wa, a ó máa ṣa obì: èyí tó dán sọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí a ṣe ń di obì láyé ìgbà náà. Ewé gbòdògì la fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Bí obì bá dé ìdajì apẹ̀rẹ̀, a ó tún tẹ́ ewé lé e, a ó wá kó ìyókù sórí rẹ̀. Ewé àárín la ń pè é. Abẹ́ ewé àárín yìí sì ni àwọn oníjìbìtì máa ń kó obì jíjẹrà pamọ́ sí. Òkè á máa dán, ìsàlẹ̀ á ti bàjẹ́. Nítorí náà, ìyá mi kì í ra apẹ̀rẹ̀ obì láìtú u dé ìsàlẹ̀ lójú ẹni tó gbé e wá, ì báà jẹ́ ìyekan rẹ̀. Bí ẹni náà bá lọ sọ pé, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, bákan náà ni gbogbo ẹ̀," ìyá mi kò ní bá a jà. Ẹní rẹ̀ ni yóò kàn sún mọ́ apẹ̀rẹ̀ náà dáadáa.

Olóbì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń tẹ́ ewé tirẹ̀. Ti ìyá mi, ewé méjì ló fi ń dábùú ara wọn láàárín apẹ̀rẹ̀, yóò wá fi pòòrọ́ ewé náà gún wọn pọ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kọ́ ní èyí. Ó ní bí ẹrù bá sọnù lọ́nà, òun á mọ tòun. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé mo di onífura. Àwọn ọmọ mi ní mo máa ń gbé àwo ọbẹ̀ sókè wo ìdí rẹ̀ kí n tó jẹun. Wọn ò parọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ló mú mi rántí ewé àárín. Mo ti dàgbà, mo ti lọ sí Mẹ́kà, èmi sì ni àwọn obìnrin olóbì ní Ṣàgámù ń pè ní ìyá wọn. Bí mo bá ní ká lọ, wọ́n á lọ. Bí mo bá ní ká jókòó, wọ́n á jókòó. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ. N kò tíì tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni rí ni. Gbogbo olóṣèlú agbègbè wa ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ mi àbígbẹ̀yìn wọlé wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní àwọn ti dá pátì tuntun sílẹ̀, pátì kékeré tó jẹ́ ti agbègbè wa nìkan.

"Màámi, a ò sí lápá ọ̀tún, a ò sì sí lápá òsì. Àárín la wà. Gbogbo ẹni tí pátì ńlá méjèèjì ti sú ló máa bá wa lọ."

Mo bi í pé ta ló dá a sílẹ̀.

"Àwa ọ̀dọ́ ni, Màámi."

"Ọ̀dọ́ wo ló ra bọ́ọ̀sì tuntun tó gbé ọ wá, tí mo rí lójú títì yẹn?"

Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò wù mí o. Ó wù mí gan-an. Àwọn pátì ńlá yẹn ti tú ilé wa ká. Àbúrò mi tí a jọ ṣa obì yẹn fẹ́ ọkùnrin kan ní Irolu, ọkùnrin náà sì di ẹni ńlá nínú ọ̀kan nínú wọn. Nígbà ìbò kan, ó ní kí n kó àwọn olóbì wá bá òun, mo kọ̀. Láti ìgbà náà, bí èmi àti àbúrò mi bá pàdé níbi òkú, "ẹ kú ìjókòó" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wa. Mo wá ń rò ó pé, bí pátì àárín yìí bá jẹ́ òótọ́, bóyá ibẹ̀ ni a ó ti tún pàdé. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún mi pé àárín lòun dúró, mo máa ń fẹ́ mọ ilé tó sùn mọ́jú.

Àwọn èèyàn pátì àárín náà wá kí mi lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àìlà. Àwọn obìnrin olóbì ti kún àgbàlá mi. Olórí pátì náà jẹ́ ọkùnrin onígíláàsì kan tí ẹnu rẹ̀ dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí mi, ó kí àwọn òkú ilé wa. Ó ní èmi làwọn fẹ́ fi ṣe ìyá ẹgbẹ́, pé bí mo bá ti lè gbà, kí gbogbo olóbì wọ pátì lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Wọ́n ti ṣèlérí láti fi ṣe alága wọ́ọ̀dù wa.

Wọ́n wá gbé apẹ̀rẹ̀ obì kan síwájú mi. Ẹ gbọ́ o, obì ni wọ́n gbé wá fún olóbì! Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ìńtáṣéńjì la ti rà á bí a ṣe ń bọ̀, Alájà," onígíláàsì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú u wò.

"Háà, Alájà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Bákan náà ni gbogbo ẹ̀."

Mo sún ẹní mi mọ́ ọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kó obì náà sílẹ̀. Ó dán, ó le, kò sí kòkòrò. Mo wá àléébù títí, n kò rí i, ìyẹn gan-an ló sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Àwọn tó ń tajà ní Ìńtáṣéńjì, èrò ọkọ̀ tí kò ní padà wá ni wọ́n ń tà fún. Kò sí ẹni tó máa ta irú obì yìí fún onígíláàsì níbẹ̀. Mo kó o, mo kó o, mo kan ewé àárín. Ewé méjì ni, wọ́n dábùú ara wọn, pòòrọ́ ewé sì gún wọn pọ̀.

Ọwọ́ mi dúró. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Ọwọ́ méjì péré ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n dì bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nìyí lórí apẹ̀rẹ̀, ìkejì wà ní Irolu, nílé olóṣèlú ńlá.

Mo tú u dé ìsàlẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ padà. Mo ní, "Obì yìí dára. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó dì í, ẹ ní mo kí i."

Onígíláàsì wo ọmọ mi, ọmọ mi wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin mọ̀ pé n kì í dá obì tó dára padà lásán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó wọ pátì.

Inú ọmọ mi ru. "Màámi, ẹ dójú tì mí lójú gbogbo ayé! Nítorí ewé? Ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ tí ẹ bí." Ó jáde. Iléyá dé, kò wá jẹ ẹran. Ó dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ló ń bí mi nínú jù. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, a kò bára wa sọ̀rọ̀, mo gbà, ṣé ó wá yẹ kó fi ọwọ́ ìyá wa ṣiṣẹ́ fún àwọn tó fẹ́ tàn mí jẹ?

Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, onígíláàsì kó àwọn oníròyìn jọ. Ó ní pátì àwọn ti wọ inú pátì ńlá lọ, nítorí ìlọsíwájú Rẹ́mọ. Ọkọ àbúrò mi ló fi fìlà dé e lórí. Àwòrán náà wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Gbogbo ẹni tó ti wọ pátì àárín ni wọ́n kó lọ báyìí, láìbi wọ́n léèrè. Ọmọ mi wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, kò lè gbójú sókè.

"Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo pe ọlọ́kadà, ó di Irolu.

Mo bá àbúrò mi lẹ́yìnkùlé, ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. N kò kí i.

"Ìwọ lo di apẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O wá fi ọwọ́ Ìyá tàn mí."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kóun sunkún tàbí kóun rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, àpò ni gbogbo ayé fi ń di obì báyìí. Wọ́n ní kí n wá obì tó dára tí wọ́n á gbé lọ fún yín. Ǹ bá dà á sínú àpò, kó parí síbẹ̀. Èmi ni mo wá apẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n já ewé gbòdògì wá fún mi. Ta ni mo fẹ́ kó rí i, bí kò ṣe ẹ̀yin? N kò lè fẹnu sọ ọ́ nínú ilé yìí. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ ò ní ṣàì tú u."

Mo jókòó sí ìdí ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀, omijé sì gba ojú mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo fura sí, òun nìkan ló ń bá mi sọ òótọ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Oníjìbìtì wà nígbà èwe wa, ṣùgbọ́n a máa ń rí ọwọ́ ẹni tó di ẹrù. Lónìí, àpò kan náà ni gbogbo obì ń wọ̀. Pátì náà bẹ́ẹ̀: wọ́n á kùn ún láwọ̀, wọ́n á fún un lórúkọ tó dùn, ẹ ò ní mọ ọwọ́ tó dì í títí tí wọ́n á fi kó yín lọ.

Ní báyìí, bí ọkọ àbúrò mi bá rìnrìn àjò, àbúrò mi máa ń fi apẹ̀rẹ̀ obì ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ mi ló ń lọ gbé e wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú mi, ó rí i tí mo na ọwọ́ sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ máa tú ti àbúrò yín náà?"

Mo ní kó sún ẹní mi mọ́ ọn.