Òrùka tí Awalẹ̀ Sin

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Awalẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn táwọn ilé ìwé fi ń jẹ́ kó wọ pápá wọn lọ́jọ́ ìsinmi, tòun ti ẹ̀rọ kan tó máa ń ké bó bá ti kan irin nínú ilẹ̀. Bó bá ti ké, Awalẹ̀ á kúnlẹ̀, á ṣí koríko, á gbẹ́ ibẹ̀, á sì dí ihò náà padà bí ẹni tó jí nǹkan. Owó ẹyọ ni o, yẹtí ni o, ohun tó bá ti rí ló ń gbé wá fi yangàn fún wa.

Ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ wá ńkọ́? Koríko ti gba ibẹ̀ kan. Ó pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tú u kóun lè gbin ata. Èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Ẹ̀yìn ń dùn mí." Ẹ̀yìn tó ń dùn ún nílé kì í dùn ún bó bá ń walẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú ju bó ṣe ń bí aya rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń bí Awalẹ̀ nínú ní tirẹ̀ ni etí agolo, irin pẹlẹbẹ táwọn èèyàn ń fà ya kí wọ́n tó mu ohun inú agolo. Ó kún ọgbà ìgbafẹ́ bámúbámú. Ló bá yí bọ́tìnì ẹ̀rọ náà pé kó má ké sí etí agolo mọ́. Kó lè dán an wò, ó mú òrùka ìgbéyàwó aya rẹ̀, èyí tí ìyẹn máa ń bọ́ sílé bó bá ń lọ po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, ó sin ín sẹ́yìnkùlé, ó wọlé lọ mumi. Ìgbà tó jáde, kò mọ ojú ibi tó sin ín sí mọ́. Ó ti dí ihò náà dáadáa jù.

Ó gbé ẹ̀rọ kiri, ẹ̀rọ dákẹ́. Kò mọ̀ pé lójú ẹ̀rọ, ọmọ ìyá ni òrùka wúrà àti etí agolo. Ẹni tó bá ń wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Ẹ̀rù bà á gidi, ó lọ gbé ṣọ́bìrì. Èmi tí ilé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn náà gbé àga mi jáde, mo jókòó wòran.

Ìdajì ẹ̀yìnkùlé ti tú nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú.

"Olówó orí mi, ẹ̀yìn yín ti wá san?"

Awalẹ̀ ò lè purọ́ fún ojú yẹn. "Òrùka ẹ ni mo sin. Mi ò rí i mọ́."

Mo rò pé ilé máa gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi kàn tọ́ka sí ẹ̀rọ náà.

"Kí lẹ ní kí ẹ̀rọ yín má ké sí?"

"Etí agolo."

"Ẹ jẹ́ kó máa ké sí gbogbo nǹkan."

Awalẹ̀ yí bọ́tìnì padà. Ẹ̀rọ ké lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì hú òrùka jáde. Ó nù ún mọ́ ẹ̀wù, ó fi sí aya rẹ̀ níka. Ó ṣe mí láàánú, mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ náà wá sílé mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Mo ti sin òrùka náà sí apá tẹ́ ò tíì tú. Ẹ bá mi wá a kí n tó dé." Ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó fi máa dé, kò sí ibi tí ṣọ́bìrì ò kàn. Awalẹ̀ fara ti ògiri, ó ń mí gúlegúle, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ẹ̀gbọ́n mi na abọ́ irúgbìn ata sí i. Òrùka náà wà níka rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí.