Ìwé Tí Sàídátù Kì í Tà

Sàídátù ń ta ìwé àlòkù ní Agbowó, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ọdún kẹtàlá rèé. Àwọn ìwé àtijọ́ tí obìnrin kan kọ ló fẹ́ràn jù: ìtàn ìràwọ̀ tí èèyàn ń gbé, ìtàn ẹranko abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu.

"Nígbà tí wọ́n ní obìnrin ò lè kọ irú ẹ̀ ló ti ń kọ ọ́," á sọ fún oníbàárà. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ní ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá lòun ń wá.

Àwọn mìíràn á rí ẹ̀dá olórí méjì tí wọ́n yà sára ìwé, wọ́n á ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ó sú Sàídátù. Ó fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bo gbogbo wọn, bí a ṣe ń bo ìwé ọmọ iléèwé.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í tà. Olùkọ́ rẹ̀ ní Ṣakí, tó ti di olóògbé, ló fún un. Kò tíì rí irú rẹ̀ mìíràn rí.

Ní Jímọ̀ kan, ó lọ kírun, ó fi Islamiat àbúrò rẹ̀ ti ọjà. Nígbà tó dé, ìwé náà ò sí.

"Ta lo tà á fún?"

"Alàgbà Akínbíyìí, tí wọ́n máa ń ra ìwé orin. Wọ́n rí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì lára ẹ̀, wọ́n ní ìwé àdúrà làwọn ń wá."

"Ìwọ náà ò sì ṣí i wò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò ó."

Sàídátù gba owó ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé Alàgbà ní Bódìjà.

Bàbá náà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, awò lójú, ìwé lọ́wọ́. Ó ti kà á dé orí kejì.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Ìwé mi nìyẹn. Kì í ṣe ọjà. Owó yín rèé."

"Ìyá oníwèé! Ìwé àdúrà ni mo pè é o. Mo ka ojú ewé mẹ́wàá, mi ò rí àmín kan."

"Ẹ ṣáà fún mi, sà."

"Ó wá ku ọmọbìnrin inú ìwé yìí nìkan lórí ìràwọ̀ yẹn. Ṣé ó máa padà sílé báyìí?"

"Sà, ìwé mi."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú mi ò dáa, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń kà á." Ó fi ìka kan itọ́, ó ṣí ojú ewé.

Sùúrù Sàídátù tán. Láti ọdún mẹ́tàlá, kò sọ òpin ìwé fún oníbàárà rí.

"Alàgbà, ẹ dá a padà, àbí kí n sọ ibi tó parí sí?"

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ìwé bọ́ sílẹ̀.

"Má sọ ọ́ o! Gbé e! Gbé e máa lọ!"

Ó gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Alàgbà ti wà lórí bẹ́ǹṣì Sàídátù ní Agbowó, awò lójú. Ó na ọwọ́ sí ìwé náà. Sàídátù mí kanlẹ̀. Ó gbé ìwé fún un, ó dúró tì í.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bèèrè ìbéèrè ìdánwò lọ́wọ́ Islamiat. Sàídátù kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ìka bàbá tún ti ń lọ sẹ́nu.

"Alàgbà! Ẹ má fi itọ́ ṣí i!"