Àtẹ̀gùn Tó Gba Inú Ilé Ìdáná Kosmas

Ní ìlú Karditsa, bàbá tó bá bímọ obìnrin, tó sì mọ ohun tó ń ṣe, á kọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lé ilé tirẹ̀ fún ọmọ náà de ọjọ́ ìgbéyàwó. Kosmas bíríkìlà kọ́ ti Fotini ọmọ rẹ̀, ó kùn ún, ó gbé ẹ̀rọ omi gbígbóná sí i. Ọkọ ni kò dé. Àtẹ̀gùn òkè yìí ńkọ́? Àárín ilé ìdáná ara rẹ̀ ló gbé e gbà, kó lè máa rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú!

Fotini pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ni wọ́n bá pè é síṣẹ́ ní èbúté Patra, kó wá máa wa kireni tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ọkọ̀ ojú omi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Àmọ́ yàrá ní Patra wọ́n bí ojú! Àfi kó rí ayálégbé sí òkè rẹ̀, kí owó ibí máa san tọ̀hún. Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ fèsì.

Tíṣà kan ló kọ́kọ́ wá wolé. Kosmas dá a dúró nídìí sítóòfù.

"Ṣé o máa ń hanrun?"

"Mi ò mọ̀, bàbá."

"Ìyàwó rẹ ò sọ fún ọ ni?"

"Mi ò tíì níyàwó."

"Pẹ̀lú irun funfun yìí? Kí ló ṣe ọ́?"

Tíṣà ò tilẹ̀ dé òkè. Ẹni kejì dé, Kosmas bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kó bá òun fi òróró ra ẹ̀yìn, ṣebí wọ́n á jọ máa gbé ni. Ìyẹn náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Bàbá, ẹ̀ ń lé wọn!"

"Èmi kẹ̀? Mò ń kí wọn ni."

Ní Ọjọ́bọ̀, Argiro dé, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú Kavala.

"Ta ló lé ọ nílé?" Kosmas bi í.

"Kò sẹ́ni tó lé mi, bàbá. Bàbá mi kọ́ òkè fún èmi náà. Iṣẹ́ ni mo bá wá."

"Kí ni bàbá rẹ wá sọ?"

"Wọ́n sunkún. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí, pé ṣé mo ti jẹun."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, sà."

Kosmas bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un, ó sì gé búrẹ́dì tì í. Ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ òkè síwájú rẹ̀.

"Pe bàbá rẹ. Sọ fún wọn pé o ti yó."

Ló bá yíjú sí Fotini tìbínútìbínú, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ìwọ yìí, ní Patra tí ò ń lọ yẹn, ta ni yóò bi ọ́ bóyá o ti jẹun?"