Ọkọ Tí Ibà Kì Í Ṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú Sàrátù, kí ó sáà dárúkọ Àfísù. Obìnrin yìí ń ta síìpù, bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ ní ọjà Odawna nílùú Accra, ní Ghana. Madina ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé pẹ̀lú Hàdízà, ọmọ kan ṣoṣo tó kù ún kù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì máa ń fọ́nnu pé ibà kò dá òun dùbúlẹ̀ rí.

Àfísù tí Hàdízà fẹ́ràn ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tema. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kírun, kì í mutí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ wá fojú hàn, ṣe ló ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan. Sàrátù bi í pé kí ló dé, ó ní ibà ni, pé láti kékeré ló ti máa ń ṣe òun bí òjò bá ti dé. Kí ni Sàrátù tún ń gbọ́? Ó sọ ọ́ lójú ìyá ọmọkùnrin náà pé òun kò bímọ fún ẹni tí ẹ̀fọn lè dá wó.

Kì í ṣe ìkà ló fà á. Sàrátù ti bí ọmọkùnrin kan rí, Ìbráhímù. Egungun a máa ro ọmọ náà títí yóò fi ké, ẹ̀jẹ̀ a sì máa gbẹ lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó kú. Àwọn ará ilé ní àbíkú ni, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ má sunkún. Ó sunkún. Ọjọ́ náà ló pinnu pé alágbára ni yóò fẹ́ Hàdízà, kí òun má tún gbé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́ mọ́.

Ló bá ń wá ọkọ kiri fún ọmọ rẹ̀. Kì í béèrè iṣẹ́, kì í béèrè ilé. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju pé, ṣé ibà máa ń ṣe é? Ó rí Mùnírù, ọmọ ìlú wọn, géńdé tí kò mọ bí oògùn ibà ṣe ń korò tó. Hàdízà sunkún, sunkún, ó gbà nígbẹ̀yìn. Àfáà Múdàṣírù ní òun kò ní so yìgì láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Sàrátù ní ìwé wo, ṣé ìwé ni wọ́n wò kí wọ́n tó so tòun? Wọ́n ṣáà lọ ṣe é. Hàdízà jẹ́ AS, Mùnírù náà jẹ́ AS. Àfáà ká ìwé náà, ó dá a padà fún wọn.

Sàrátù tún mú ọmọ Àrówólò oníṣòwò táyà wá, ọkùnrin tí kò ṣàìsàn rí. AS. Ó mú ẹ̀kẹta wá, òun náà AS. Sùúrù obìnrin náà tán pátápátá. Ó bá Àfáà fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó ní àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ló ń kọ AS fún gbogbo ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Àfáà ní kí ó lọ bi wọ́n léèrè.

Ó lọ lóòótọ́, Hàdízà tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ fi í jókòó. Ó ṣàlàyé pé láti ayébáyé ni ibà ẹ̀fọn ti ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ilẹ̀ wa. Ọmọ tó bá gba S kan lọ́wọ́ òbí, ibà kì í sábà rí i pa. Irú wọn ló ń yè, tí wọ́n ń bímọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ láàrin wa. Ṣùgbọ́n bí S bá wá láti ọ̀dọ̀ baba, tó tún wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, ó di fòní-kú-fọ̀la-dìde.

“Maame,” ni nọ́ọ̀sì wí, “kì í ṣe gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣa àwọn tí ibà kì í dá dùbúlẹ̀, AS lẹ ó máa ṣà.”

Ọkọ Sàrátù tó ti di olóògbé náà kì í ní ibà. Ìyẹn gan-an ló fi fẹ́ ẹ. Ohun tí àwọn méjèèjì fi ń yangàn ló pa Ìbráhímù. Ó dùn ún wọra, inú sì bí i, kò sì rí ẹni tí yóò bá jà. Ta ni í pe ẹ̀fọn lẹ́jọ́?

Hàdízà wá sọ pé Àfísù ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ láti èṣí, AA ni. Ìyá rẹ̀ yíjú sí i, ó ní kí ló dé tí kò sọ.

“Mààmi, ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ parí.”

Wọ́n wọ ọkọ̀ akérò trotro lọ sí Tema lọ́jọ́ náà. Ìyá Àfísù ni wọ́n kọ́kọ́ bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilé ọkọ ní í wá tọrọ ìyàwó. Sàrátù ló kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, tó ń tọrọ ọkọ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá náà wò ó títí kó tó ní kó dìde, kó wọlé.

Ibà tún ti dá Àfísù dùbúlẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀, Sàrátù ní kó dúró síbẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó bi í pé àwọ̀n ẹ̀fọn rẹ̀ dà. Àfísù ní ooru rẹ̀ pọ̀, òun ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sàrátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àwọ̀n náà yọ pẹ̀lú eruku, ó gun àga, ó ń so ó mọ́ òrùlé.

“Má tún tú u mọ́,” ló wí. “Ẹ̀fọn ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. N kò ní sin àna.”