Ẹ̀rín Ìyá Àgbà Lórí Àpáta

Fóònù mi dún lọ́sàn-án yìí. Ọmọbìnrin mi ló kọ̀wé láti Kùtọnu: "Màmá, ọkọ mi ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Lol."

Lol ni ẹ̀rín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tó ti di tàwọn ọmọ wa. Bí nǹkan bá dùn mọ́ ọmọ mi, á kọ ọ́. Bí ojú bá ń tì í, á kọ ọ́. Mo wo lẹ́tà mẹ́ta náà títí òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan fi gba imú mi.

Ọ̀sán kan ni nígbà èwe mi, lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Dásà. Èmi àti ìyá àgbà ń sá ẹ̀gẹ́ láfún. Àpáta gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ooru ń mì lórí òkè kejì bí omi. Ọkùnrin kan gun òkè wá bá wa, ó ṣí fìlà, ó sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà létí. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún.

"Ìyá àgbà, kí ló wí?"

"Àwàdà ni, ọmọ mi. Yí ẹ̀gẹ́ rẹ."

Inú mi dùn. Èmi náà rín títí òsúkè fi mú mi. Òun ń yí ẹ̀gẹ́ ojú kan ṣoṣo, ó ń yí i, ó ń yí i, títí ó fi rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ikú àbíkẹ́yìn ìyá àgbà ni ọkùnrin náà wá sọ.

Lọ́jọ́ náà, mo bá a rín. Lónìí, mo di ẹrù, mo lọ dúró de mọ́tò Kùtọnu létí títì.