Oògùn Tí Òtútù Ni Ẹ̀mí Rẹ̀

Nígbà tí mo béèrè àpótí oògùn mi lọ́wọ́ Ìyá Rúùtù tó gbà mí sílé, tayọ̀tayọ̀ ló fi na ọwọ́ sókè sí àjà tó wà lórí ààrò ẹja rẹ̀. Èéfín ń rú túú. Mo gbójú sókè, mo sì rí àwọn ìgò mi níbẹ̀, ó ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja gbígbẹ àti pupuru tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Mo jókòó sórí igi ìdáná tó wà nílẹ̀.

"Omi ti wọ inú ẹ̀, ọma mi," ni ìyá wí. "Mo bá a tó ń làágùn. Mo ti da omi ẹ̀ nù, mo sá a sórí uná kó gbẹ."

Bí mo bá fẹ́ bínú, ta ni kí n bínú sí? Kí n tó lọ kí baálẹ̀ abúlé náà, èmi ni mo ní kí ìyá bá mi tọ́jú àpótí náà dáadáa, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju wúrà lọ. Ó sì tọ́jú rẹ̀. Ní àwọn abúlé etí odò wọ̀nyẹn, lẹ́yìn Òde-Ìrèlè, ọ̀rinrin ni ọ̀tá gbogbo nǹkan. Iyọ̀ a máa yọ́, gàrí a máa bu, aṣọ inú àpótí pàápàá a máa rà. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn, orí àjà ló ń gbé e sí, kí ooru iná máa bá a ṣọ́ ọ. Kò síbi tó níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé. Ibẹ̀ ni ìyá fi oògùn mi sí, ibẹ̀ náà ni oògùn náà sì kú sí.

Bupá ni iṣẹ́ mi nígbà náà. Òmìnira Nàìjíríà ṣì tuntun. Èmi ọmọ Ìkọ̀yà, wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ ìlera ní Òkìtìpupa, a sì ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. A ó kán oògùn sí apá èèyàn, a ó fi abẹ́rẹ́ ha ojú ibẹ̀ díẹ̀, kí àrùn ilẹ̀ gbígbóná má baà lè mú un. Àwọn èèyàn wa kì í dárúkọ àrùn yẹn. Olóde ni wọ́n ń pè é, wọn a sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Oògùn ìgbà yẹn kì í ṣe oníyẹ̀fun tó dé lẹ́yìn náà. Omi ni, nínú ìgò tínínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, òtútù sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Láti Ìbàdàn ni mọ́tò ti ń gbé e bọ̀ nínú yìnyín, ó gba Oǹdó kọjá, ó ń sáré bá fíríìjì wa tó ń lo kẹrosíìnì ní Òkìtìpupa. Nínú yìnyín náà la ti ń kó o lọ sí abúlé; omi yìnyín yẹn ni ìyá dà nù.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, ará Ìjẹ̀bú, ló ń ṣọ́ fíríìjì náà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wo iná ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń yọjú wo ìkókó. Títí dòní ni nǹkan náà ń yà mí lẹ́nu: iná ló ń mú un tutù! Mo bi ọ̀gá bó ṣe jẹ́, ó ṣàlàyé, kò yé mi. Mo tún bi í. Ó ní, "Ìwọ ṣáà má jẹ́ kó kú."

Mo wá jókòó níwájú oògùn tó ti kú. Olóde ti wọ abúlé kan lókè odò, ó sì ti pa èèyàn níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà tí gbogbo abúlé etí odò náà jọ ń ná ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí àwọn ọmọ tí a kò tíì bù lápá bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ó tán nìyẹn. Ọmọ-ọmọ Ìyá Rúùtù pọ̀ nínú ilé náà, kò sì sí ọ̀kan tó ní àpá bupá lára.

"Ìyá," ni mo wí, "oògùn yìí kì í fẹ́ ooru."

"Ó ti bàjẹ́?"

"Ó ti kú, Ìyá."

"Èmi ni mo pa á?"

Ìyá wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú yanrìn, ó ká ọwọ́ lérí. Nígbà tó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ó bi mí bóyá òmíràn wà. Mo ní bóyá a lè rí i ní Òkìtìpupa. Ló bá fi igbe bọ ẹnu, ó ń pe Jóòbù.

Atukọ̀ ni Jóòbù, àpá olóde sì kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Olóde bá a jà nígbà èwe, ó yè é. Ẹni tó bá ti yè é báyẹn, olóde kì í tún padà wá bá a, nítorí náà irú wọn ni abúlé ń rán gba ibi tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbà. Iwájú abúlé tí àrùn wà ni ọ̀nà omi tó yá jù gbà. Èmi náà ti bupá, ẹ̀rù kò sì yẹ kó bà mí. Ó bà mí. Bí a ti ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò gbọ́ ohùn ọmọdé kankan.

Nígbà tí a dé Òkìtìpupa, mo rò pé ọ̀gá yóò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ́tí gbọ́ mi tán. "Orí àjà?" ló wí. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupuru?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ló bá ṣí fíríìjì, ó kó gbogbo èyí tó kù fún mi. Ṣùgbọ́n yìnyín kò sí. Omi tó gbé síbẹ̀ kò tíì dì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọdá sí ilé ọtí tó kọjú sí wa, ó ro ẹjọ́ fún obìnrin tó ni ín. Obìnrin náà kó gbogbo yìnyín rẹ̀ sínú àpótí mi.

"Ọtí lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n máa mu lónìí," ló wí. "Kò pa èèyàn rí."

Ìpadàbọ̀ wa ni n kò lè gbàgbé láyé. Jóòbù ń tukọ̀, oòrùn ń ta wá lórí, mo fi itan méjèèjì di àpótí náà mú, mo ń rẹ aṣọ mi sínú odò, mo ń fi bò ó. Níbi tí odò ti yà, obìnrin kan tó ń fọ ìkòkò dìde dúró.

"Jóòbù! Ó ṣì tutù?"

"Ó tutù!"

Àṣé Ìyá Rúùtù ti rán ọ̀rọ̀ káàkiri. Níwájú díẹ̀, àwọn apẹja tún bi wá. Àwọn Ìjọ́ tó wà lórí ọkọ̀ wọn bi wá ní èdè tiwọn, Jóòbù dá wọn lóhùn, wọ́n sì ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wa. Àwọn tí kò gbọ́ rí pé òtútù lè ṣe oògùn lóore, gbogbo wọn ló wá ń bá mi ṣọ́ ọ. Mo rò pé èmi ni mo gbé oògùn lọ́wọ́, n kò mọ̀ pé gbogbo odò ló gbé e.

Nígbà tí a yọ sí abúlé, n kò rí èéfín kankan. Ààrò dúdú, eérú tutù, ẹja ti ń rùn lórí àjà.

"Mo ní kí gbogbo ulí pa uná," ni Ìyá Rúùtù wí. "Kó má tún lọ kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Kò sídìí tó fi yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, yìnyín mi ṣì wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbúrò pátápátá nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé wá. Mo ń bù wọ́n lápá lọ títí n kò fi ní ẹ̀kán kan mọ́.

Bí bupá bá mú, apá a máa wú, ibẹ̀ a sì ṣọyún. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ná ọjà náà tán, mo padà lọ wò wọ́n. Kí n tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ láti ilé dé ilé. Ìyá kan gbé tirẹ̀ kò mí lójú, ó ní, "Wo apá ọma mi! Kò jẹ́ kí n sùn!" Mo wo apá náà, ó wú, ó pọ́n. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀rín ni mo bú sí, omi sì dà lójú mi. Olóde kò rí ẹnì kankan mú ní abúlé náà.

Mo bá iṣẹ́ náà lọ títí, títí àrùn yẹn fi kúrò láyé, tí a kò sì bu ẹnikẹ́ni lápá mọ́. Iṣẹ́ mi ti parí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi obìnrin di nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá, olóde tí ẹ máa ń sọ yìí, báwo ló tiẹ̀ ṣe máa ń rí?"

Nọ́ọ̀sì ni, kò sì mọ̀ ọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó dá a lóhùn.