Àdín Ọmọ Tuntun Lára Alùpùpù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ń gbé ní Pápá Àjàó ní Múṣín, alùpùpù kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá wa, obìnrin ló sì ni ín. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, gbogbo àwa ọmọdé sì ń pè é ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Bí ọkọ aláboyún kan bá ti sáré wọlé, Àǹtí yóò so àpò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà, ó di ojú ọ̀nà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, pé kò wọ́pọ̀ nígbà náà kí obìnrin máa gun alùpùpù. Àwọn káfíńtà tó wà lẹ́nu géètì wa a máa dá iṣẹ́ dúró láti wò ó. Ọ̀kan nínú wọn a ní, “Àǹtí, ẹ rọra o, kí afẹ́fẹ́ yín má gbé wa lọ.” Òun náà a dá a lóhùn pé, “Afẹ́fẹ́ kì í gbé ọ̀lẹ. Oorun ló ń gbé e.”

Mo tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ó fi iṣẹ́ fífọ alùpùpù náà lé mi lọ́wọ́, ní àràárọ̀ Sátidé. Omi, ọṣẹ ìfọṣọ àti àkísà kan tó rọ̀ ni ó fún mi. Kò fún mi ní ohun mìíràn, n kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, mo rí i pé ọṣẹ kò ran dúdú tó wà lára ṣéènì, àti pé táńkì náà kò dán mọ́ bí ó ti ń dán tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe kò ti inú àìbìkítà wá. Mo rò ó dáadáa. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú náà ni kò dára. Àwọn abiyamọ tí Àǹtí gbẹ̀bí wọn a máa gbé ìgò àdín wá láti fi dúpẹ́. Àdín èkùrọ́ ni, èyí tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára, ìgò rẹ̀ sì tò lọ bẹẹrẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí awọ rẹ̀ hunjọ nígbà tí wọ́n bí i, tí wọ́n fi àdín pa á, tí ara rẹ̀ sì ń kọ mọ̀nà. Mo wá sọ fún ara mi pé ohun tó lè sọ ènìyàn di tuntun kò lè ṣàìṣe irin lóore.

Ó di Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ wa. Àǹtí ti sọ pé alùpùpù ni òun yóò gùn lọ sílé Ọlọ́run lọ́jọ́ kejì, mo sì fẹ́ ṣe ohun tí kò retí fún un. Mo mú ìgò àdín kan láìtọrọ àṣẹ. Mo fi pa táńkì, mo fi pa ìjókòó, mo fi pa irin táyà méjèèjì. Búréèkì ẹ̀yìn sì ti ń han gooro láti ọjọ́ mélòó kan. Mo rántí pé ìyá mi a máa ro epo sí ìdè ilẹ̀kùn wa bí ó bá ń han, ni mo bá ro àdín sí ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Mo yí táyà náà, mo tún ro ó sí i. Ohùn náà dákẹ́. Inú mi dùn púpọ̀.

N kò tíì palẹ̀ mọ́ tán nígbà tí ọkùnrin kan já wọ àgbàlá. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ó ní ìyàwó òun ti ń rọbí láti ìdájí ní Ìdí-Àràbà, pé àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọmọ náà ti fẹ́ yọjú. Àǹtí jáde tòun ti àpò rẹ̀, ó sì dúró díẹ̀ nígbà tí ó rí alùpùpù náà. “Ta ló sọ eléyìí di ìyàwó ọ̀ṣìngín?” ni ó wí. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Bí ó ti wù kí ìpè náà yá tó, kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, yóò ti alùpùpù náà síwájú díẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì wò. Ó tì í, ó tẹ ẹ́. Kò dúró. Ilẹ̀ àgbàlá wa dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu géètì, alùpùpù náà sì fà á lọ títí tí ó fi kọlu pákó àwọn káfíńtà. Kò sí ẹni tó fara pa. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan àárín táyà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wò mí.

“Èmi ni, Àǹtí. Mo fẹ́ kí ó dán ni.”

“Dídán kọ́ ni mímọ́,” ni ó dá mi lóhùn. “Gbé àpò yìí.”

Ẹsẹ̀ ni a fi sáré lọ sí Ìdí-Àràbà, ọkùnrin náà níwájú, Àǹtí láàárín, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àpò lórí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: bí a bá pẹ́ dé, ọwọ́ mi ni. Nígbà tí a dé, wọ́n ní orí ọmọ ti hàn. Àǹtí fọ ọwọ́, ó wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, n kò lè gba àdúrà kan parí. Ìgbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ náà ni mo tó mí. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Bàtà mi kejì dà?”

Àǹtí kò nà mí. Bí a ti ń bọ̀ wálé, ó kàn sọ pé, “Ká ní mo ti gùn ún ni, inú gọ́tà ni wọn ì bá ti wá gbẹ̀bí èmi náà.”

Nígbà tí mẹkáníìkì dé ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí ní kí n dúró tì í. Mẹkáníìkì náà tú táyà ẹ̀yìn, ó fi bẹntiróòlù fọ búréèkì náà, ó fi sáńpépà ha á, ṣùgbọ́n àdín ti mu wọnú rẹ̀. Ó di dandan kí ó fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí wá kọ́ mi ní ohun tí n kò béèrè tẹ́lẹ̀. Kẹrosíìnì àti búrọ́ṣì àlòkù ni ti ṣéènì; bí ó bá gbẹ tán, kí n fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa á. Omi àti ọṣẹ tó ti fún mi náà ló tó fún táńkì àti ìjókòó. Eérú àti iyanrìn tí a fi ń ha ìkòkò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, wọn yóò ha ọ̀dà rẹ̀. Ní sàkáání búréèkì, kò sí òróró kankan, ì báà ṣe èyí tí a fi ń pa ọmọ ọba. Ó ní kí n máa kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni iṣẹ́ ibi tí mo fẹ́ fọ̀, kí n tó wá ohun tí n óò fi fọ̀ ọ́. Mo ta kókó sí etí àkísà tí mo yà sọ́tọ̀ fún ṣéènì, kí n má baà ṣì í lò mọ́.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọmọ náà fi ìgò àdín ńlá kan ránṣẹ́. Àǹtí gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ará ilé, ó ní, “Ara ọmọ ni tiẹ̀ o.” Àwọn káfíńtà pè mí ní Ìyá Aládín títí a fi kó kúrò níbẹ̀.

Lónìí, ọmọ ọmọ mi ń gbé ní Sábó, ó sì ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ fún àwọn tó bá fi fóònù rà á. Kò pẹ́ yìí ni ó gbé ike ọṣẹ olómi kan wá hàn mí, tí ẹni tó tà á fún un ní ó ń fọ ohun gbogbo, ó sì ń mú un dán. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí a ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, n kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ike sílẹ̀ láìkà. Mo wọ awò ojú mi, mo fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Màmá, ẹ̀ ń ka ike ọṣẹ bí ẹni ń ka Bíbélì.”

“Ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ búréèkì sí ni mò ń wá.”

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i, ní lẹ́tà wínníwínní, pé kò gbọdọ̀ kan búréèkì tàbí ojú táyà. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Obìnrin ń gun alùpùpù ní Yábàá, káfíńtà kankan kò sì gbójú sókè. Ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì kó sórí, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ike báyìí fún ẹni tó bá ní sùúrù láti kà á. Inú mi dùn pé mo bá a nílé ayé, tí mo sì lè kà á.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ náà bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ike rẹ̀, ó bọ́ síta. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì, ó ti alùpùpù rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì tẹ búréèkì wò. Ó dúró.